Ìbéèrè Kan Nípa Mọ́tò Agbégẹdú

Mo kórìíra ìtàn tó bá ń yà kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìwà yẹn gan-an ni mo fi ṣe ara mi léṣe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ fún mi pé ewúrẹ́ òun kú, tó wá lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ta ewúrẹ́ náà fún un, àti bí ẹni yẹn ṣe dé ọjà lọ́jọ́ náà, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rú bíi ti ẹni tó jẹ ẹja tó ti bàjẹ́. Ojú mi kì í sì í mọ̀ ọ́n bò. Màá wo aago, màá wo ilẹ̀, màá wá wo ojú olúwarẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi há a lọ́fun.

Iṣẹ́ mi ló tún wá fi kún un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìpàdé ní ọ́fíìsì kan ní Òkìtìpupa. Bí àwọn àgbà mẹ́wàá bá jókòó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ojú ìwé kan ni mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọjọ́ kan wà tí bàbá àgbẹ̀ kan wá láti ìhà Òde-Ìrèlè torí afárá tó wó. Bàbá náà kò tètè dárúkọ afárá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyàwó rẹ̀ tó máa ń ru ẹyìn kọjá níbẹ̀, ó sọ irú orin tí obìnrin náà ń kọ tó bá ń bọ̀, ó ní orin náà ni òun fi ń mọ̀ pé ó ti délé. Ìgbà tó fi ẹkún dé ọjọ́ tí afárá wó, tí orin náà sì dákẹ́, èmi ti gbé bíìrò sílẹ̀, mo ń yọ ìdọ̀tí inú èékánná mi. Ohun tí mo kọ ni pé, "Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún afárá." Ọ̀gá mi kà á, ó ní ọwọ́ mi mọ́ lórí iṣẹ́. Ìmọ́tótó yẹn ń kó mi nírìíra báyìí.

Bẹ́ẹ̀ òwe kò wọ́n mi lẹ́nu nígbà náà. Màá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Kò sí ìgbà kan tí mo bi ara mi léèrè bóyá èmi gan-an ní inú tí ọ̀rọ̀ lè dé kó di odidi.

Nílé ńkọ́? Kò yàtọ̀. Ọmọbìnrin mi wà ní yunifásítì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, gbogbo orí tábìlì ìjẹun kún fún un. Mo ní ṣé ohun tí mo rán an lọ kọ́ nìyẹn. Ó ní òun kàn fi ń sinmi ọpọlọ ni. Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́, mo fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, sórí eegun ẹja àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti fi sín èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Ó wò mí, kò sunkún, kò sì jiyàn. Láti ọjọ́ náà, kì í sọ ju ohun tí mo bá bi í lọ. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, mà." Èmi náà sì ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo ti wò ó sàn.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ jù ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀gbọ́n wọn yìí ló sì tọ́ mi dàgbà. Ìyé ni mo ń pè wọ́n, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, àwọn nìkan ló kù láyé. Mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo tún béèrè nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, mo béèrè nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ní gbogbo ìgbà, ibi tó jìnnà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní òjò ọdún náà kò tètè dá. Wọ́n á ní ìyá mi ní aṣọ kan báyìí tó fẹ́ràn. Màá ní, "Ìyé, ẹ má yí mi ká, ẹ lọ síbi tó wà." Wọ́n á wá ní, "Ikú ló pa á, ọma mi," wọ́n á sì dìde lọ wo iná.

Mo mọ̀ pé a kì í túfọ̀ òkú tààrà ní ilẹ̀ wa. Bí ẹnì kan bá kú sí ìrìn àjò, àwọn tó fẹ́ sọ fún aya rẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè omi mu, wọ́n á béèrè ilẹ̀ oko, wọ́n á ní ara ọkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, títí tí obìnrin náà yóò fi rí ibi jókòó sí. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tí òkú rẹ̀ ṣì tútù ni wọ́n ń ṣe é fún. Òkú ìyá tèmi ti lé ní ogójì ọdún. Kí lẹ wá ń fi pa mọ́ fún mi?

Ohun tó gbé mi padà síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni àìsàn. Dókítà ní ìju wà nínú ilé ọmọ mi, ó ti tóbi, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ ọ́. Ó wá bi mí pé kí ló pa ìyá mi. Mo ní mi ò mọ̀. Ó gbé ojú sókè kúrò lórí fáìlì, ó wò mí bí ẹni tó bá ìdọ̀tí lára aṣọ funfun. "Ìyá tó bí yín? Ẹ ò sì béèrè?" Ó ní kí n lọ béèrè kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, pé àwọn àìsàn kan wà tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, òun kò sì fẹ́ kí ó bá òun lójijì nígbà tí òun bá ti la inú mi. Ìtìjú bá mi, ẹ̀rù tún bà mí. Ó fún mi ní ìwé pélébé kan tó ní àyè tóóró kan fún ìdáhùn. Àyè náà tẹ́ mi lọ́rùn, ìlà kan péré ni.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gun ọ̀kadà láti Ìlútitun lọ sí abúlé kan ní ilẹ̀ Òṣooro, níbi tí Ìyé ń gbé báyìí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀nà náà ló ta sí yẹ̀rì tí mo lọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọlọ́kadà sì ń tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atẹ́gùn ń gbé díẹ̀ níbẹ̀ padà wá bá mi. Mo dí imú. Nígbà tí a dé, mo ní kó lọ jẹun kó sì padà wá gbé mi láìpẹ́, pé ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Mo bá Ìyé lábẹ́ ọdán ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò rẹ fún púpurú, òkèlè tiwa. Òkìtì ẹ̀gẹ́ tó ga tó orúnkún, èèpo nílẹ̀, eṣinṣin lórí èèpo, adìyẹ láàárín rẹ̀, tó ń ṣu síbẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nínú ilé wọn, kò sẹ́ni tó ń jókòó káwọ́ gbera níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń bó ẹ̀gẹ́, ì báà jẹ́ àna, ì báà jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì na ọ̀bẹ sí mi.

"Jókòó, ọma mi. Ọghọ́ tó dilẹ̀ kì í jẹ́ k'etí gbọ́ran."

Mo ní ọwọ́ tèmi kò wá láti bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀bẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀, ní nínà. Mo gbà á. Mo jókòó sórí àpótí kékeré kan tó tutù wọ inú yẹ̀rì mi, mo ń fi ìka méjì péré mú ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó mú òkú eku. Mo sọ fún wọn ohun tí dókítà wí. Mo fi ìwé pélébé náà hàn wọ́n. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní àyè ibẹ̀ mà kéré o.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Ìkálẹ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, èmi ni mo ń rọ̀ ọ́ síhìn-ín kó lè yé gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní obìnrin Ìjọ̀ kan wà láyé ìgbà náà, ará etí odò, tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja gbígbẹ wá fún wọn, tí á sì gba púpurú dípò. Obìnrin náà ní ajá kan tó máa ń jókòó sí iwájú ọkọ̀ bíi balógun. Mo wá béèrè ohun tó pa ìyá mi, ajá ni wọ́n ń sọ fún mi! Mo rọra pòṣé. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Wọ́n ní ní ọdún yẹn, ọmọ obìnrin náà bímọ, ìyá lọ bá a tọ́jú ìkókó, kò sì wá mọ́. Púpurú wá kún ilé, kò rẹ́ni rà. Ni ìyá mi bá ní òun á máa gbé tòun lọ sí abà tí àwọn agégẹdú wà nínú igbó, pé àwọn yẹn kì í dáná, wọ́n á rà á. Ó fi mí sílẹ̀ fún Ìyé, ó lọ. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀.

"Ibẹ̀ ló wà," Ìyé wí, "tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Oyún náà já. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ̀jẹ̀ ló pa ìyé rẹ."

Ó parí! Mo nu ọwọ́ sára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo fa bíìrò yọ, mo kọ ọ́ sínú àyè tóóró náà pé ẹ̀jẹ̀ ló dà lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́. Ó gba ibẹ̀ rẹ́gí. Mo dìde.

"Ó tó ẹ?" Ìyé bi mí.

"Ó tó mi, Ìyé. Ẹ ṣé o."

Wọn kò dá mi dúró. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n kí àwọn ará ilé. Ni mo bá jáde sí iwájú ilé, kò sí ọlọ́kadà. Mo pè é lórí fóònù, ó ní táyà òun ti jò, òun ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà ní Ìlútitun, kí n ní sùúrù. Sùúrù! Mo bú u tán nínú ọkàn mi, bàbá rẹ̀ náà kò yọ níbẹ̀. Oòrùn mú iwájú ilé, òórùn gọ́tà sì ń bọ̀ láti òdìkejì, n kò rí ibi dúró sí. Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sórí àpótí tó tutù náà, mo sì mú ọ̀bẹ, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè mú níbẹ̀.

A ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Mo ti rí ohun tí mo wá gbà. N kò nílò ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí. Bóyá torí pé kò sí ohun tí mo nílò ni ìbéèrè náà ṣe yọ́ bọ́ lẹ́nu mi, ìbéèrè tí kò wúlò fún dókítà, tí kò wúlò fún èmi náà, irú èyí tí mo bá gbọ́ nínú ìpàdé tí màá pòṣé.

Mo ní, "Ìyé, báwo ni wọ́n ṣe gbé e jáde nínú igbó yẹn? Ṣé mọ́tò ń débẹ̀ ni?"

Ìyé dá ọ̀bẹ dúró.

"Mọ́tò agbégẹdú," wọ́n wí. "Orí gẹdú ni ghan tẹ́ ẹ sí. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó lọ tààrà sí ọsibítù Òkìtìpupa kò gba abúlé wa, oríta ló ti máa ń yà. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ìyé rẹ ní kí awakọ̀ yà. Awakọ̀ ní ọ̀nà abúlé kò dáa, òjò ti bà á jẹ́. Ó ní kó yà. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọma òun ná."

Ọwọ́ mi ti dúró. Wọ́n ní kí n máa bó o, mo ń bó o.

"Mo gbé ẹ jáde. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni, mo ti fi òróró para fún ẹ. Mo gbé ẹ sókè dé ẹ̀gbẹ́ gẹdú kí ó lè fọwọ́ kàn ẹ́. Ó na ọghọ́. Ọma mi, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára láti àná, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, eṣinṣin ń tẹ̀ lé e. Ìwọ dí imú. O ní, 'Ó ń rùn.' O fi orí pamọ́ sí ọrùn mi, o ń ta ẹsẹ̀, o ń ké pé kí n gbé ẹ kúrò níbẹ̀."

Mo ní, "Ìyé, ó tó."

"Kò tíì tó," wọ́n wí. "Ìwọ lo béèrè mọ́tò. A rọ̀ ẹ́. Mo rọ̀ ẹ́, awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun náà rọ̀ ẹ́, ó fún ẹ ní bisikíìtì. O gba bisikíìtì, o ò wo ibẹ̀. Ìyé rẹ wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ fi í lẹ̀. Tí mo bá wẹ̀ tán, yóò mọ̀ mí.' Mo fi ẹ́ sílẹ̀ fún aládùúgbò, èmi náà gun orí gẹdú. Awakọ̀ fẹ́ yí padà, táyà ẹ̀yìn rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti mọ́tò, wọ́n gé igi sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti yẹ̀ kí a tó jáde. A ò tíì dé Ìlútitun tó fi dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ mi."

Adìyẹ kan ń ṣá èèpo jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe adìyẹ ló kó mi nírìíra. Ara mi ni mo kórìíra, imú yìí gan-an tí mo fi ń dá ayé lẹ́jọ́. Mo ti wo àgbẹ̀ tó sunkún nítorí afárá, mo yọ ìdọ̀tí èékánná. Mo ti wo ọmọ tí mo bí, mo da ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sórí eegun ẹja. Èmi ni mo sì rò pé àwọn ni kò mọ́.

Mo bi wọ́n pé bí awakọ̀ kò bá yà ńkọ́, ṣé ì bá dé ọsibítù láàyè.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?" Ìyé wí. "Mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wo òkú rẹ̀ ní ọsibítù náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun ló ní kí a yà, orí ẹsẹ̀ mi ló wà títí, kò sì sọ pé ì bá dáa ká ní a ò yà. Ó ní o ti sanra."

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, gbogbo ènìyàn ló ń pa á lówe. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni Ìyé ti ń wá ọ̀nà tí kò ní í gba orí ọmọ tó dí imú náà, kí wọ́n lè mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Mo ń dí gbogbo rẹ̀ pa, mo ń ní kí wọ́n lọ tààrà. Ẹ̀ẹ̀kan yìí tí èmi fúnra mi yà, ibẹ̀ ni mo já sí.

Ọlọ́kadà dé, ó fọn fèrè. Mo jáde lọ sọ fún un pé kó máa lọ. Ó ní owó ìdúró òun ńkọ́, mo san án. Mo padà wá jókòó, mo fi gbogbo ọwọ́ mi mú ẹ̀gẹ́.

Mo ní, "Ìyé, aṣọ wo ló wọ̀ lọ́jọ́ náà? Aṣọ kan wà tí ẹ máa ń sọ pé ó fẹ́ràn. Báwo ló ṣe máa ń rẹ́rìn-ín? Kí ló máa ń pè mí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù yín. Láti orí òjò. Láti orí ohunkóhun. Mi ò níbi tí mò ń lọ."

Ìyé gé orí ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n jù ú sínú agbada. Ẹkún wà lójú wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò yí padà.

"Nígbà tí o wà lọ́mọ ogún ọdún, ọma mi, mo rántí gbogbo rẹ̀. Mo ti darúgbó. Ikú rẹ̀ nìkan ló kù tí n kò lè gbàgbé. Aṣọ náà, mo ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀."